Ìyàwó mi fẹ́ sọ ọmọ wa ní Claudia, Google ní "atiro" ló túmọ̀ sí, ẹ gbà mí o

Bàbá Ìkókó:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá, ẹ má bínú tó bá gùn. Ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, Lọ́ńdọ̀nù la wà, wọ́n ti ṣe sikáànù wọ́n ní obìnrin ni. Ọmọ Gánà ni ìyàwó mi, Aṣáńtì láti Kumasi. Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kéde fún gbogbo ẹbí pé Yétúndé ti ń bọ̀, tó bá pè wá lórí fídíò báyìí ikùn ìyàwó mi ló kọ́kọ́ máa ń kí, "Yétúndé, ṣé dáadáa lo jí?" Ìyá ìyàwó mi náà ní kò sóhun tá à ń wá kiri, pé ọjọ́ tọ́mọ bá dé ló máa fún un lórúkọ, àwa kàn máa gbọ́ ni. Ìyàwó mi wá ní òun ò bá ẹnì kankan jà, àmọ́ Claudia lòun fẹ́, torí tíṣà kan tó ràn án lọ́wọ́ gan-an nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, látìgbà yẹn ló ti ní tóun bá bí obìnrin orúkọ tíṣà yẹn ló máa jẹ́. Mo ní kò burú, mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí Google, ó ní orúkọ àwọn ará Róòmù ni, "atiro" ló túmọ̀ sí. Atiro kẹ̀! Mo bá tẹ Cecilia tó fi ṣe ìkejì, ó ní "afọ́jú". Mo pa fóònù mi dé.

Ẹ má sọ fún mi pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ o, mo ti mọ̀, ilé méjì ni mo ń wò báyìí, tí ti Róòmù bá tún wọ̀ ọ́ á di mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé àwọn tó ni àwọn orúkọ wọ̀nyí máa ń ro ìtumọ̀ ẹ̀ bíi tiwa ni àbí wọn kì í rò ó? Kí làwọn ẹ̀yà mìíràn ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọbìnrin lórúkọ? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó líìsì "orúkọ ọgọ́rùn-ún àti ìtumọ̀ wọn" wá o, mo ti kà á títí ojú fi ń ta mí.

Látíìnì ní Bódìjà:

Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Classics ni mo kà ní UI, látìgbà yẹn làwọn ará ilé mi ti ń béèrè pé ṣé Látíìnì la máa jẹ, ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́ díẹ̀ lónìí.

Google ò parọ́, claudus ni ẹni tó ń tiro, caecus ni afọ́jú. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ ilé ni. Claudius jẹ́ ìdílé ńlá kan ní Róòmù, Caecilius náà jẹ́ ìdílé kan, ó jọ pé ìnagijẹ bàbáńlá kan láyé ọjọ́un ló mọ́ wọn lára. Nígbà tó fi máa kan àwọn Claudia tí ìwé ìtàn dárúkọ, kò sẹ́ni tó tún ń wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, ilé bàbá wọn ló ń dún létí àwọn èèyàn.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù jùyẹn lọ ni pé láyé Késárì ọmọbìnrin Róòmù kì í sábà ní orúkọ tara ẹ̀ rárá. Wọ́n á mú orúkọ ìdílé bàbá ẹ̀, wọ́n á fi "a" parí ẹ̀, ó tán. Júlíọ́ọ̀sì Késárì, ọmọ ẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Julia, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ bí òun pẹ̀lú wọn náà, Julia ni ọ̀kan, Julia ni ìkejì. Cicero tí gbogbo lọ́yà fẹ́ràn láti máa dárúkọ, Tullius ni orúkọ ìdílé ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ń jẹ́ Tullia. Octavia bí obìnrin méjì fún Mark Antony, ọ̀gágun Róòmù kan, Antonia làwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá fẹ́ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ wọ́n á pe ti àgbà ní Maior, wọ́n á pe ti àbúrò ní Minor, tí ẹ̀kẹta bá dé wọ́n lè pè é ní Tertia, ìyẹn ẹ̀kẹta, bí ẹní ń ka ewúrẹ́. Àwọn ọkùnrin ilé kan náà wá ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́ta o.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì kẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀. Orúkọ tiwọn ń sọ̀rọ̀. Irene ni àlàáfíà, Sophia ni ọgbọ́n, Theodora ni ẹ̀bùn Ọlọ́run, tẹ́ ẹ bá sì da ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn síwá sẹ́yìn ó di Dorothea, ẹ̀bùn Ọlọ́run náà ni. Olúbùnmi pátápátá. Barbara wá ni èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, obìnrin àjèjì ni, ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì, tó fi jẹ́ pé lójú àwọn bàbá yẹn gbogbo ìyá wa ní Bódìjà ni Barbara.

Torí náà ẹ sọ ọmọ yín ní Claudia. Ìyàwó yín ò pe atiro kankan, tíṣà ẹ̀ ló ń pè.

Mi Ò Gbà:

Àwọn líìsì orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ìdajì wọn àròsọ ni. Ẹ lọ tẹ Vanessa kẹ́ ẹ wò ó, wọ́n á ní "labalábá" ni. Irọ́ ńlá. Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, ló jókòó tó hun orúkọ yẹn fúnra ẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Esther Vanhomrigh, ó já "Van" lára orúkọ bàbá ẹ̀, ó gé Esther kúrú sí "Essa", ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ewì tó fi kọ ọ́ jáde ní 1726. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni onímọ̀ kòkòrò kan wá fi Vanessa sọ irú labalábá kan lórúkọ. Labalábá ló jẹ orúkọ obìnrin, ẹ̀yin ń sọ pé obìnrin ló jẹ orúkọ labalábá.

Ìyàwó Kumasi:

Bàbá Ìkókó, èmi ni òdìkejì yín jàre. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kumasi ni mo lọ́kọ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ẹ mọ̀ pé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún Gánà nígbà kan kí ìjọba Busia tó ní ká máa lọ ní 1969, bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó ru ẹrù padà sílé, èmi ni mo tún wá fi ẹsẹ̀ ara mi padà lọ.

Àna yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ó bu ọ̀rọ̀ náà kù ni. Lóòótọ́ ọjọ́ ló ń fún ọmọ Akan, ìyẹn ẹ̀yà ńlá tí Aṣáńtì wà nínú ẹ̀, ní orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n gbà pé orúkọ ẹ̀mí ẹ̀ nìyẹn, ti obìnrin sì yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Tó bá jẹ́ Sọ́ńdè lọmọ yín dé Akosua ni, Mọ́ńdè Adwoa, Túsìdè Abena, Wẹ́sìdè Akua, Tọ́sìdè Yaa, Fúráìdè Afua, Sátidé Ama. Yaa Asantewaa tó kó àwọn Aṣáńtì jagun pẹ̀lú òyìnbó ní 1900, ẹ ti mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i báyìí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn Ewé ní Tógò náà ní tiwọn, Afi ni ti Fúráìdè, Ama ni ti Sátidé, ó fara jọra.

Orúkọ yìí lágídí o. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Jàmáíkà, ẹ lọ wo ìwé àwọn olóko ìrèké ayé àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èèyàn mọ́ ti màlúù àti ìkòkò, ẹ máa rí Phibba, ẹ máa rí Quasheba, Juba, Mimba. Afua ni Phibba yẹn, Akosua ni Quasheba, Adwoa ni Juba, Ama ni Mimba. Akọ̀wé òyìnbó tó ń kọ ọ́ ò mọ̀ pé kàlẹ́ńdà lòun ń kọ sílẹ̀.

Ibi tí àna yín ò dé nìyí. Lẹ́yìn orúkọ ọjọ́, orúkọ kejì wà, bàbá ọmọ ló sì ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn Aṣáńtì, ìyá lọmọ ń tẹ̀lé tó bá di ọ̀rọ̀ ogún àti ìdílé, àmọ́ orúkọ, bàbá ló ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹni iyì kan nílé bàbá ni wọ́n máa fi ọmọ náà jẹ, bàbá bàbá tàbí ìyá bàbá. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú wọn tẹ́ ẹ ní orúkọ ìyá yín lẹ fẹ́ sọ ọmọ, wọ́n á mirí wọ́n á ní èyí ni ọmọlúàbí. Ìjà tẹ́ ẹ rò pé ó wà níbẹ̀ yẹn, kò sí i rárá.

Bàbá Ìkókó:

Ha! Ìyàwó Kumasi, ẹ jọ̀ọ́ ṣé òótọ́ lẹ ń sọ, bàbá ló ń sọ ọ́? Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń rìn jẹ́jẹ́ nílé ara mi bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo ń lọ bá àna mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ̀yin yòókù ẹ má dúró, mò ń kà á.

Ọmọ Ígbò Mushin:

Mushin ni wọ́n bí mi sí, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi tàn yín, Yorùbá mi dán ju ti ọ̀pọ̀ yín lọ, hahaha.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kì í ṣe òun nìkan, àwa náà ní Yétúndé tiwa. Nnenna ni ìyá bàbá, Nnenne ni ìyá ìyá, tí ọmọbìnrin bá jọ màmá tó ti lọ tàbí wọ́n gbà pé òun ló padà wá, orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́ nìyẹn. Ada wá ni àkọ́bí obìnrin, Ngozi ni o, Chioma ni o, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sínú ìwé ẹ̀, Ada ni gbogbo ilé máa pè é títí tó fi máa darúgbó.

Tiwa náà ní ti ọjọ́, ọjọ́ ọjà mẹ́rin ni, Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Mgbeke ni obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Eke, ti Orie ni Mgborie, ti Afọ ni Mgbafọ, ti Nkwọ ni Mgbankwọ. Orúkọ gidi tí àwọn ìyá àgbà wa jẹ́ ni o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pe ọmọge ìwòyí ní Mgbeke ẹ ti ra ìjà, torí wọ́n ti sọ ọ́ di orúkọ ará oko tójú ẹ̀ ò là. Orúkọ ìyá ìyá mi nìyẹn, ó máa ń dùn mí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í sí nínú líìsì kankan: Nwanyịbuife. Obìnrin náà já mọ́ nǹkan. Ẹ ro ohun táwọn èèyàn ti ń sọ sétígbọ̀ọ́ ìyá ọmọ yẹn kí wọ́n tó fi orúkọ ọmọ dá wọn lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Nwanyịbuife tiẹ̀ sàn, ìyẹn ń gbèjà ọmọ. Ní Íńdíà, ìpínlẹ̀ Maharashtra, orúkọ kan wà tó ń jẹ́ Nakusa, àwọn kan ń pè é ní Nakushi. "A ò fẹ́ ẹ" ni. Ilé tí wọ́n bá ti bí obìnrin bí obìnrin tí wọ́n ń retí ọkùnrin, wọ́n á sọ èyí tó kẹ́yìn bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé á jẹ́ kí ọkùnrin tẹ̀ lé e. Ẹ rò ó wò, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àárọ̀ kùtù, "A-ò-fẹ́-ẹ, wá gbé omi," ó dé kíláàsì, tíṣà ṣí rẹ́jísítà, "A-ò-fẹ́-ẹ," òun náà á ní "mo wà níbí". Ní oṣù kẹwàá 2011 ní agbègbè Satara, ìjọba kó 285 lára àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí jọ, wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun, wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Àwọn kan lára wọn ló fúnra wọn yan èyí tó wù wọ́n.

Àwọn ará Ṣáínà náà ní Zhaodi, "pe àbúrò ọkùnrin wá". Ọmọ ti délé ayé, iṣẹ́ ni wọ́n fi rán an.

Mi Ò Gbà:

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Yorùbá, a kì í fi orúkọ bú ọmọbìnrin.

Àbẹ̀kẹ́ Tó Ń Béèrè:

Ẹ má tíì yin ara yín o. Ẹ jẹ́ ká ka oríkì tí ẹ̀ ń sọ wá. Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́, Àníkẹ́, Àdùkẹ́, Àríkẹ́, kìkìdá kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó dáa. Ẹ wá wo tàwọn ọkùnrin: Àjàní, wọ́n jà kí wọ́n tó ní in. Àjàgbé, wọ́n jà gbé e. Àjàmú, wọ́n jà kí wọ́n tó mú un. Àwọn ni wọ́n jà torí wọn, àwa ni wọ́n kàn fẹ́ máa kẹ́ bí ológbò òyìnbó. Mo kàn ń béèrè ni o.

Bàbá Ìṣẹ́yìn:

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè rẹ dáa, àmọ́ o fò kọjá lára àwọn tí kò bá ohùn rẹ mu. Àbẹ̀bí ńkọ́? A bẹ̀ ká tó bí i. Àbẹ̀ní ńkọ́? A bẹ̀ ká tó ní i. Ṣé ẹni tí wọ́n wólẹ̀ bẹ Ọlọ́run torí ẹ̀ kéré sí ẹni tí wọ́n jà torí ẹ̀ ni? Àdùkẹ́ tó o ka mọ́ wọn gan-an, àwọn èèyàn ń du ọmọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni, ìyẹn ò jìnnà sí ìjà.

Ohun tó yẹ kí Bàbá Ìkókó mọ̀ níbẹ̀ ni pé ibi tí Yorùbá ti ń ya obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọkùnrin gan-an nìyẹn, nínú oríkì àbísọ. Orúkọ àbísọ, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ, Ayọ̀délé, Olúwaṣeun, Abíọ́dún, ẹ ò lè mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá rí i lójú. Nínú àmútọ̀runwá, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ Ìdòwú, àmọ́ ẹ máa rí díẹ̀ tó yà, ọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Àmọ́ a kì í sọ ọmọkùnrin ní Àṣàkẹ́ níbi kankan lábẹ́ ọ̀run. Ìyá mi kì í pe àbúrò mi obìnrin ní orúkọ ìwé ẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, màmá á ní "Àṣàkẹ́ ò," á fa ohùn yẹn gùn, á wá bọ́ sí oríkì orílẹ̀, a óò ti máa gbé igbá ògì wọlé kó tó parí ẹ̀, ọmọ ò ní dìde, orí ẹ̀ á máa wú. Ẹ lè sọ ọmọ ní Claudia kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní Yaa, àmọ́ ẹ wá oríkì fún un o. Claudia ò ní oríkì.

Ìdòwú Gan-an:

Wọ́n dárúkọ mi mo yọjú. Ní Bali, lọ́hùn-ún ní Indonéṣíà, ẹní-wá-tẹ̀-lé-ẹnì ni wọ́n ń wò. Àkọ́bí Wayan, ìkejì Made, ìkẹta Nyoman, ìkẹrin Ketut, tí ìkarùn-ún bá dé wọ́n á tún padà sí Wayan. "Ni" níwájú ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ obìnrin, "I" ni ti ọkùnrin. Ó tán.

Ìyá Kéwú Ìlọrin:

Bísímílà. Ẹ ti dé Róòmù, ẹ ti dé Íńdíà, ẹ wá fo orúkọ tó kún ilé yín. Kadijátù tẹ́ ẹ̀ ń pè kiri, ní èdè Lárúbáwá ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tí wọ́n fi bí i ni. Fàtímọ̀ ni ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú. Ràbíátù ni ẹ̀kẹrin, Ràbíátù ará Basra ní Ìráàkì, wálíì ni, ẹni mímọ́ láàárín àwọn Mùsùlùmí, ọmọbìnrin kẹrin ló jẹ́ nílé bàbá ẹ̀, orúkọ yẹn náà ló sì fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Bàbá Ìṣẹ́yìn, ṣé ẹ rí i pé àmútọ̀runwá làwọn náà ń sọ? Àíṣátù ni ẹni tó wà láàyè, Àwáwù tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní Éfà, ìyè náà ló wà nínú ẹ̀, Látíìnì ní Bódìjà á sì sọ fún yín pé Zoe àwọn Gíríìkì, ìyè náà ni. Ibi gbogbo lọmọ ti ń kú, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fi orúkọ dá a dúró.

Ẹ wo ìdí orúkọ náà. Ràfíù lọ́kùnrin, Ràfíátù lóbìnrin. Ráṣídì, Ràṣídátù. "Átù" yẹn ni Lárúbáwá fi ń mọ obìnrin, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń fi "a" ṣe é, Yorùbá ò ní irú ẹ̀ a kàn gbé gbogbo ẹ̀ mì ni, a wá ń pè wọ́n ní Ràfí, Kúdí, Bílíkì. Rísìkátù àti arísìkí tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ Bílíkísù náà, ẹ má lọ wá ara yín nínú Kùránì o, ọbabìnrin Sábà wà níbẹ̀, ní Súrátù Námlì, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹ̀, ìtàn àwọn onímọ̀ ló sọ pé Bílíkísù ni. Obìnrin kan ṣoṣo ni Kùránì pè lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Mọ́ríámọ̀ ìyá Ànábì Ísà.

Ọmọ Ọ̀ṣun:

Màmá Kéwú, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi náà kún un, ọ̀rọ̀ Kúbà ni. Ní Kúbà àwọn obìnrin púpọ̀ ń jẹ́ Caridad, Mercedes, Regla. Ìyá Jésù ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, àwọn Sípáníìṣì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi oríṣiríṣi ìnagijẹ Màríà sọ ọmọ lórúkọ, Dolores ni ìyà tó jẹ ẹ́, Pilar ni òpó tí wọ́n ní ó dúró lé lórí ní Saragossa, Mercedes ni àánú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bá onílé òrìṣà sọ̀rọ̀ ní Havana, Caridad tó wà ní El Cobre, tí ọdún ẹ̀ jẹ́ 8 oṣù kẹsàn-án, Ọ̀ṣun ni, aṣọ ẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí idẹ. Regla, tó fi ọjọ́ kan ṣáájú ẹ̀, Yemọja ni. Mercedes, 24 oṣù yẹn kan náà, Ọbàtálá ni, aṣọ funfun. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní àyíká ọdún yẹn tí wọ́n sọ ní Caridad, Cachita lorúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ, ilé méjì ló ń dá a lóhùn. Ní Bràsíl wọ́n tiẹ̀ ń sọ ọmọ ní Janaína ní gbangba, ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n ń pe Yemọja lọ́hùn-ún ni.

Nílé ńbí wá ńkọ́? Ọ̀ṣunbùnmi ti di Olúbùnmi, Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti di Jésùfúnkẹ́. Àwọn tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ lọ wá ọ̀nà tí Ọ̀ṣun á fi wà nínú orúkọ ọmọ, àwa tí a dúró sílé la fi ọwọ́ ara wa yọ ọ́.

Mi Ò Gbà:

Mercedes tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé mọ́tò náà, orúkọ ọmọbìnrin ni? Emil Jellinek, oníṣòwò ọmọ Austria tó ń gbé ní Nice, ló ń ra mọ́tò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Daimler, ọmọ ẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí ní 1889 ń jẹ́ Mercédès, ó ní orúkọ ọmọ òun ni kí wọ́n sọ mọ́tò tuntun tí wọ́n ṣe fún òun ní 1901. Àwọn ọlọ́lá Èkó ń gun "àánú" kiri wọn ò mọ̀.

Bàbá Ìkókó:

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo bá àna mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó Kumasi, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Mo kàn ní "màmá, mo gbọ́ pé lọ́dọ̀ yín bàbá ló ń sọ orúkọ kejì, mo fẹ́ fi sọ orí ìyá mi," obìnrin yẹn pariwo lórí fóònù, ó ní ìgbà wo ni mo fẹ́ béèrè, òun ti rò pé n ò ní béèrè ni. Ìyàwó mi náà gbọ́ àlàyé Róòmù yẹn, ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ pé atiro ni, tíṣà yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ fún wọn ní kíláàsì. Ó ń wò mí láti oṣù mélòó kan tí mò ń dákẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ó ku ìbéèrè kan: tí mo bá fẹ́ kọ ọ́ sí ìwé ìbí, èwo ni kó ṣíwájú? Orúkọ ọjọ́ ò tíì sí lọ́wọ́ wa.

Ìyàwó Kumasi:

Ẹ má kánjú, ọjọ́ 42 ni wọ́n fún yín ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, ọjọ́ kẹjọ lẹ máa sọ ọ́, ti Aṣáńtì náà ọjọ́ kẹjọ ni, kò ní forí gbárí. Èyí tẹ́ ẹ bá máa pè é nílé lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú. Tẹ́ ẹ bá fi Claudia ṣíwájú, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ọsibítù, Claudia ni wọ́n máa pè é, Yétúndé á di ohun tí ẹ̀gbọ́n yín nìkan ń pè lórí fídíò.

Bàbá Ìṣẹ́yìn:

Oríkì ńkọ́?

Bàbá Ìkókó:

Bàbá, Àdùkẹ́ ni. Ìyá mi ló ń jẹ́ ẹ.

Ọmọ Ìyá Onírẹsì:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú mo pẹ́ dé. Màmá mi ń jẹ́ Dọ́káàsì, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń jẹ́ Dọ́káàsì, kí ló túmọ̀ sí gan-an? Wọ́n ní ẹni tó ń ránṣọ ni.

Látíìnì ní Bódìjà:

Iṣẹ́ ẹ̀ ni aṣọ rírán, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36, Tàbítà ni orúkọ ẹ̀ ní èdè Árámáíkì, Dọ́káàsì ni Gíríìkì tí wọ́n fi túmọ̀ ẹ̀, ẹranko kan náà ni méjèèjì. Egbin ni. Egbin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ó rẹwà bí egbin yẹn.

Ọmọ Ìyá Onírẹsì:

Egbin! Ẹ dúró, mò ń pè é.